Ìje líìgì orí kọ̀ǹpútà láti Òṣogbo: ṣé kí n wọ̀ ọ́ àbí kí n máa wòran?

Ọmọ Oròkí:

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ni mò ń ṣe ní ẹ̀gbẹ́ Old Garage, ní Òṣogbo níbí. Tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, tí mo jẹun tán, orí géèmù ìje mọ́tò Assetto Corsa Competizione (ACC) lẹ ó ti bá mi. Sítíárìn Logitech G29 ni mò ń lò, tòkúnbọ̀ ni, tábìlì ni mo dè é mọ́. Àwọn sáfà gbangba ni mo ti ń sáré látọjọ́ yìí, ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè wọlé, tí wọ́n á fi mọ́tò gbá ara wọn ní kọ́nà àkọ́kọ́, tí oníkálukú á sì bá tiẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ mi yá díẹ̀. Tí mo bá gbé mọ́tò ìje Ferrari GT3 ní pápá Monza, inú 1:48 (ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ǹdù 48 fún ìyípo kan) ni mo máa ń wà, bí ara mi bá sì yá gan-an, mo máa ń fọwọ́ kan ìparí 1:47.

Líìgì kan ti wá gbà mí báyìí. Àwọn ará Jámánì àti Netherlands ló ń darí rẹ̀. Ìje mẹ́jọ ni, alẹ́ Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì síra wọn, wákàtí kan ni ìje kọ̀ọ̀kan, dandan sì ni kéèyàn wọ pit, ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, lẹ́ẹ̀kan. Sáfà wọn wà ní Frankfurt. Lálẹ́, ping mi (mílísẹ́kọ́ǹdù tí ìròyìn fi ń lọ sí sáfà tó sì ń padà) máa ń wà láàárín 115 sí 140, ìgbà míì á kàn fò lọ sí 200 kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ti iná, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀. Inverter wà nílé, bátìrì kan ṣoṣo ló ní.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù tilẹ̀ ni ti orúkọ. Ní sáfà gbangba, bí mo bá ṣèèṣì gbá ẹnì kan, kò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Nínú líìgì, orúkọ mi àti àsíá Nàìjíríà ni wọ́n á máa rí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa kìlọ̀ fún ara wọn pé kí wọ́n sá fún ará Nàìjíríà yẹn.

Ṣé kí n wọ̀ ọ́? Bí mo bá máa wọ̀ ọ́, báwo ni kí n ṣe tò ó? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sá líìgì rí ni mò ń bá wí o, kì í ṣe ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sọ pé kí n lọ ra Starlink.

Jagunlabí GT:

Bọ̀ọ̀dá, ẹ lọ ra Starlink.

Ẹ má bínú, ẹnu ló ń yún mi. Èmi orí PlayStation ni mo wà ní Aláékùwodò, Gran Turismo 7, Daily Race ni tèmi. Ìje kúkúrú, bí iná bá lọ, kò sí ohun tí mo pàdánù, mo ṣì máa sá òmíràn kí oorun tó gbé mi. Kí ni mo fẹ́ fi wákàtí kan gbáko ṣe pẹ̀lú àwọn òyìnbó tí wọ́n ń ka òfin bí ẹní ń ka Bíbélì?

Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ní ẹ máa lọ, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ yára ní qualifying, eré tó ń pinnu ipò tí kálukú máa ti bẹ̀rẹ̀ ìje. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní iwájú kò ní ọ̀rọ̀ ping sọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́ ara wọn. Ẹ gba pole, ipò àkọ́kọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sá lọ. Ẹni tó bá kàn fẹ́ parí ìje ní tiẹ̀, kó lọ wa kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Olùkọ́ Awakọ̀:

Àbúrò mi, wọ̀ ọ́.

Ó dà bíi pé èmi ni mo dàgbà jù níbí. Ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ ni mo ní ní apá Òkè-Fìà, ojoojúmọ́ ni mò ń jókòó ti ẹni tí kò tíì mọ̀yàtọ̀ clutch sí bíréèkì. Ọmọ mi ọkùnrin ló fi G29 tiẹ̀ sílẹ̀ fún mi nígbà tó jápa, ó ní kí n máa fi sinmi. Ìsinmi wo! Látìgbà náà, sáà líìgì kan ò kọjá lórí mi mọ́ kí n má bá wọn níbẹ̀, ACC lọ́pọ̀ ìgbà, iRacing lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi ti gbà fún Ọlọ́run.

Ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe wíwa mọ́tò rárá. Lọ ka ìwé òfin wọn, kó o wo bí wọ́n ṣe ń pín máàkì. Ọ̀pọ̀ líìgì, ti Formula 1 ni wọ́n ń lò: 25 fún ẹni àkọ́kọ́, 18, 15, 12, 10, 8, 6, 4, 2, 1. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ sí ìje mẹ́jọ rẹ. Ẹni tó gba ipò kẹfà ní gbogbo ìje, 64 ló ní. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju tìrẹ lọ, tó jáwé olúborí lẹ́ẹ̀mejì, tó wá fọ́ mọ́tò nínú mẹ́fà tó kù, 50 ló ní. Ẹni ipò kẹfà yẹn, kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀ lóru Ọjọ́rú kankan, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá lẹ tábìlì ní ìparí sáà, òkè ló wà. Ìdí nìyí tí mi ò fi bá Jagunlabí lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá Daily Race mu, èyí tó bá parí, ó parí. Líìgì yàtọ̀. Ìje kan ṣoṣo tó gùn ju oṣù mẹ́ta lọ ni, wọ́n kàn gé e sí wẹ́wẹ́ ni.

Kó o tún wò ó bóyá wọ́n máa ń yọ ìje tí kò dáa jù lọ kúrò nínú ìṣírò. Ọ̀pọ̀ líìgì ń yọ ọ̀kan, àwọn míì ń yọ méjì. Bí tìrẹ bá ń yọ, ìje tí wọ́n máa yọ yẹn, ti iná ni, fi sílẹ̀ fún iná. Má lọ fi ìkánjú jẹ ẹ́ ní kọ́nà àkọ́kọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní ti kọ́nà àkọ́kọ́ yẹn, Monza tó o mọ̀ dáadáa ni kí n fi ṣàlàyé. Ọ̀nà gbọọrọ, gbogbo wọn ń bọ̀ ní ìsọ̀wọ́, lójijì ọ̀nà fún pọ̀, ọ̀tún lẹ́yìn náà òsì. Nínú ìdánrawò, o mọ pátákó tó o máa ń dé kó o tó tẹ bíréèkì. Gbàgbé pátákó yẹn ní ìyípo àkọ́kọ́. Ẹni iwájú rẹ máa tẹ bíréèkì ṣáájú ibẹ̀, torí ẹni tó wà níwájú tiẹ̀ náà ti tẹ̀ ẹ́, ìwọ lo sì máa rí i kẹ́yìn. Tètè tẹ̀ ẹ́. Yan ẹ̀gbẹ́ kan, má wà láàárín, torí ẹni tó bá wà láàárín ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹran ìpápánu. Bí ẹni méjì bá gba ibẹ̀ kọjá lára rẹ, jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Wákàtí kan ṣì wà níwájú, ọ̀kan nínú wọn á ṣì yí fúnra rẹ̀ ní kọ́nà Lesmo.

Ó wá ku àwọn nǹkan tí òyìnbó kì í kọ sínú fídíò wọn, torí kò sí lágbo tiwọn.

Iná. Laptop ní bátìrì tiẹ̀, kò ní kú. Sítíárìn ò ní bátìrì, wáyà iná tiẹ̀ dá dúró, router náà bẹ́ẹ̀. Mo wà ní pápá Spa lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ti kọjá kọ́nà Eau Rouge, mo ń gun òkè Raidillon, wọ́n mú iná. Sítíárìn rọ̀ lọ́wọ́ mi jọ̀wọ̀lọ̀, kò ní agbára kankan mọ́. Kí n tó mí sínú, inverter ti gbé e, ni G29 bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bó ṣe máa ń ṣe tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án: ó yí dé òpin òsì fúnra rẹ̀, ó tún yí dé òpin ọ̀tún, ó ń ké gìrì-gìrì, èmi sì di í mú, mò ń bá a jìjàkadì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òkè yẹn, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí nìyí. Kí qualifying tó bẹ̀rẹ̀, bí iná tilẹ̀ wà, mo máa ń yọ inverter kúrò lára iná ìta. Bátìrì ló máa gbé gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: sítíárìn, router, ṣájà laptop, fáànù kan. Bí wọ́n mú iná, bí wọ́n dá a padà, kò kàn mí, torí kò sí ìgbà tí inverter máa yí láti ibì kan sí ibòmíràn. Ṣájà laptop pàtàkì, má ṣe sọ pé bátìrì inú rẹ̀ tó. Tó o bá yọ ṣájà, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, o ò ní mọ ibi tí kọ́nà wà mọ́. Ṣírò rẹ̀: laptop tó ń gbé géèmù lè jẹ tó 200 watt, fi ìyókù kún un, kò yẹ kó ju 300 lọ. Wákàtí kan àtààbọ̀ jẹ́ 450 watt-wákàtí. Bátìrì 12V tó jẹ́ 100Ah ní 1,200 nínú. Bó bá jẹ́ bátìrì olómi ni, tí o ò sì fẹ́ pa á, ìdajì rẹ̀ ni kó o lò, ìyẹn 600. Ó tó ọ. Àmọ́ pa fíríìjì, kó o sì sọ fún ará ilé pé kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa lọ aṣọ.

Pẹ́dà. Bíréèkì G29 ní rọ́bà nínú tó máa ń le sí i bó o ṣe ń tẹ̀ ẹ́, o sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ gan-an. Bí ilẹ̀ ilé rẹ bá jẹ́ táìsì, pẹ́dà á máa sá fún ẹsẹ̀ rẹ. Títí tí ìje bá fi dé ìdajì, o ti nà gbalaja lórí àga, o ń fi ìka ẹsẹ̀ wá bíréèkì. Mo ní kí káfíńtà gé pákó kan fún mi tó há sáàárín ẹ̀yìn pẹ́dà àti ògiri, ó há pinpin. Kò sún mọ́ láti ọjọ́ náà. Wàhálà tó wá kù ni pé ariwo rẹ̀ wọ inú ògiri lọ. Ìyá tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa kanlẹ̀kùn ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n bi ìyàwó mi pé irú iyán wo là ń gún lójoojúmọ́ tí a kì í bu fún aládùúgbò. Mo ti fi ègé fóòmù bẹ́ẹ̀dì há sáàárín pákó àti ògiri. Wọ́n ò tíì padà wá, bóyá ó ti sú wọn ni.

Ti ping, mo mọ ohun tí mò ń ṣe sí i, mi ò mọ àlàyé rẹ̀. Àǹtí Fáíbà, ẹ ṣì wà níbí?

Àǹtí Fáíbà:

Mo wà níbí, Olùkọ́. Ẹ kú làákàyè o. Ọ̀rọ̀ inverter yẹn, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Àbúrò, iṣẹ́ fífa wáyà fáíbà wọ ilé àti ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, ping ni oúnjẹ mi. Má bẹ̀rù 120. Jẹ́ ká wò ó. 120 yẹn, àlọ àti àbọ̀ ni. Láti ọ̀dọ̀ rẹ dé Frankfurt jẹ́ bíi 60 mílísẹ́kọ́ǹdù. Láti Frankfurt dé ọ̀dọ̀ ará Jámánì tí ẹ jọ ń sáré lè jẹ́ 15. Ìyẹn ni pé ìròyìn mọ́tò rẹ tó ń dé orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti pẹ́ ní 75 mílísẹ́kọ́ǹdù. Ní 200 kìlómítà ní wákàtí kan, mọ́tò ń rin mítà 55 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, nítorí náà ìwọ ti fi bíi mítà mẹ́rin kọjá ibi tí ìròyìn yẹn sọ pé o wà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn mọ́tò GT3 kan.

Géèmù ò wá jókòó kó máa wò. Kọ̀ǹpútà ẹnì kejì á fojú díwọ̀n: ó mọ eré tó ò ń sá àti ibi tó o dorí kọ, á gbé mọ́tò rẹ síbi tó rò pé o ti dé. Lórí ọ̀nà tó gùn, ó máa ń gbà á. Ibi tó ti máa ń ṣì í ni ìgbà tó o bá yí ọkàn padà lójijì: o tẹ bíréèkì níbi tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ ẹ́, o já sítíárìn sápá kan láti dí ẹni ẹ̀yìn lọ́nà. Lójú tìrẹ, àyè wà. Lójú tiẹ̀, o ti wà nínú ilẹ̀kùn rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ara yín, fi àyè tó ju ti gbogbo ayé lọ sílẹ̀, kó o sì wa mọ́tò rẹ tààrà, ibi tí gbogbo èèyàn ń tẹ bíréèkì ni kí ìwọ náà ti tẹ̀ ẹ́. 120 tó dúró sójú kan sàn ju 80 tó ń fò sókè sódò lọ. Ohun tó ń ba ọ́ jẹ́ ni 200 tó o ní ó máa ń kàn fò lọ yẹn.

Wá ohun tó ń fà á. Wi-Fi ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ra wáyà LAN, kó o so laptop mọ́ router ní tààrà, bó tilẹ̀ gba inú pálọ̀ kọjá. Pa fóònù gbogbo ará ilé, tàbí kó o yọ wọ́n kúrò lórí router fún wákàtí kan. WhatsApp tó ń gbé fọ́tò lọ pamọ́ lóru ti ba ìje ẹlòmíràn jẹ́ rí. Windows náà, dá ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ dúró. Ìje fúnra rẹ̀ kì í jẹ dátà tó bẹ́ẹ̀. Ìmúdójúìwọ̀n géèmù ló ń jẹ dátà, nítorí náà, ṣe é ní ọjọ́ Ajé, má dúró di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kó o wá máa wo ìlà aláwọ̀ ewé tó ń rákò.

Ohun kan tí mo rí tí àwọn èèyàn ń ṣe tí kò dáa: router oní-SIM méjì tó máa ń ṣí lọ sórí SIM kejì fúnra rẹ̀ bí èkíní bá lọ́ra. Fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, ó dáa. Fún ìje, bó bá ti ṣí báyìí, àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì rẹ ti yí padà, sáfà ò mọ̀ ọ́ mọ́, o ti já nìyẹn. Pa á. Jẹ́ kí nẹ́tíwọ̀kì kan tó lọ́ra díẹ̀ gbé ọ débi tó o ń lọ.

Bó bá wá jẹ́ pé abẹ́ òkun ni wáyà ti já, bíi ti 14 oṣù kẹta 2024 nígbà tí kébù mẹ́rin bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, àdúrà ló kù. Ìyẹn náà kì í mọ olówó. Nínú oṣù kìíní 2023, Max Verstappen ló wà níwájú nínú ìje Le Mans Virtual tó jẹ́ wákàtí 24, sáfà já a dànù, wọ́n sì fi ìje náà sílẹ̀. Inú bí i gan-an, ó sọ̀rọ̀ síta. Ìwọ tó o wà ní Old Garage, fọkàn balẹ̀.

Ọmọ Oròkí:

Olùkọ́, àǹtí mi, ẹ ṣeun gan-an. Kò sẹ́ni tó ti ṣàlàyé ping fún mi báyìí rí. Wáyà LAN, mo ní in ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò kàn lò ó ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún béèrè. Bí mo bá já láàárín ìje, ṣé ó ti parí nìyẹn? Àti pé bí ẹnì kan bá fẹjọ́ mi sùn, báwo ni mo ṣe máa jà fún ara mi nígbà tó jẹ́ pé lójú tiẹ̀ mo gbá a, lójú tèmi mi ò dé ibẹ̀? Ti qualifying tí Jagunlabí sọ náà, mi ò tíì jù ú nù o. Mo wo àkókò tí wọ́n sá ní sáà tó kọjá, mo lè wà nínú márùn-ún àkọ́kọ́ ní Monza.

Olùkọ́ Awakọ̀:

Yára ní qualifying, èmi ò sọ pé kó o má yára. Márùn-ún àkọ́kọ́ dáa. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn tó le jù ti máa wà lẹ́yìn rẹ, wọn kì í fẹ́ kí ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ ká wọn lọ́wọ́ kò. Bí ẹnì kan tó yára jù ọ́ lọ bá dé ẹ̀yìn rẹ nígbà tí ìje ò tíì gbóná, má bá a jà nínú ìyípo kẹta. Tẹ̀ lé e. Ẹ jọ máa sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó kù ni.

Bó o bá já: nínú ACC, ọwọ́ olùdarí sáfà ló wà. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní isRaceLocked. Bí wọ́n bá fi í sí 0, ẹni tó bá já lè padà wọlé nígbà tí ìje ṣì ń lọ. Bí kì í bá ṣe 0, ilẹ̀kùn ti tì. Kọ̀wé sí wọn kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, bi wọ́n léèrè, ó lè jẹ́ ìwọ lo máa mú kí wọ́n yí i. Bó o bá sì fọ́ mọ́tò tó ṣì lè rìn, má ṣe tìtorí ìbínú tẹ bọ́tìnnì padà-sí-gáréèjì. Tó o bá ti tẹ̀ ẹ́, ìje rẹ ti parí. Wọ́ ọ dé pit bí táyà bá tilẹ̀ yí òdì. Ẹni tó gba ipò kẹwàá ṣì ní máàkì kan, o ò sì mọ iye àwọn tó máa fọ́ mọ́tò lẹ́yìn rẹ.

Ti ẹjọ́. Kó o tó jáde nínú sáfà, fi rípìléè rẹ pamọ́, kó o kọ ìṣẹ́jú tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Má sọ̀rọ̀ kankan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn adájọ́ kò ju ìlà méjì lọ: ibi tí mo wà, ibi tí mo ti tẹ bíréèkì, rípìléè rèé. Kó o fi kún un pé rípìléè tìrẹ àti tiẹ̀ lè yàtọ̀ nítorí ping, kí wọ́n wo méjèèjì. Ẹ̀yin méjèèjì lè máa sọ òótọ́. Àwọn adájọ́ tó mọṣẹ́ mọ èyí. Bí wọ́n bá wá dá ọ lẹ́bi síbẹ̀, gba ìjìyà sẹ́kọ́ǹdù márùn-ún rẹ, kó o sì máa lọ. Èmi ti rí ẹni tó fi òru mẹ́ta jiyàn lórí sẹ́kọ́ǹdù márùn-ún. Nígbà tó máa parí, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a wà ní ẹ̀gbẹ́ ara mọ́.

Ohun kan tún kù tí mo rò pé ó ṣe mí láǹfààní ju gbogbo eléyìí lọ. Ní gbogbo sáà tuntun, mo máa ń kọ̀wé sí gbogbo wọn ṣáájú ìje àkọ́kọ́. Nàìjíríà ni mo wà, ping mi tó báyìí, ó lè dà bíi pé mọ́tò mi ń fò díẹ̀ lójú yín, màá fi àyè sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún èmi náà. Kò ju ìyẹn lọ.

Jagunlabí GT:

Olùkọ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ sọ kẹ́yìn yìí, mi ò lè ṣe é láéláé. Ẹ fẹ́ kí bọ̀ọ̀dá lọ máa tọrọ gáfárà kó tó ṣẹ̀? Wọ́n á kàn máa wá a kiri ni, gbogbo ìkọlù tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, "ping ará Nàìjíríà ni". Ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀. Jann Mardenborough tó gba GT Academy ní 2011, tí wọ́n gbé láti orí géèmù bọ́ sínú mọ́tò gidi, ṣé lẹ́tà ló kọ?

Olùkọ́ Awakọ̀:

Jagunlabí, ìdíje yẹn ò ní ọ̀rọ̀ ping nínú níbi tí wọ́n ti mú un. Àwọn tí mò ń bá sáré, nígbà tí mo kọ̀wé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀n mọ́tò kan sílẹ̀ fún mi nínú kọ́nà. Ẹlòmíràn nínú wọn á tilẹ̀ béèrè lórí rédíò bóyá iná ṣì wà. Bí kò bá bá ìwọ lára mu, má kọ ọ́. Àbúrò á yan èyí tó wù ú.

Ọmọ Oròkí:

Màá kọ ọ́. Mo mọ̀ pé Jagunlabí á fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí sáà á fi parí, kò burú.

Mo ti dá wọn lóhùn nísinsìnyí pé mo wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà 27 ni wọ́n fún mi. Mo bi wọ́n ní ti isRaceLocked, wọn ò tíì fèsì. Ìje kan ni wọ́n máa ń yọ, ó wà nínú ìwé òfin, ojú ìwé tí mi ò kà dé tẹ́lẹ̀. Káfíńtà ń bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta wá wọn ibi tí pákó máa wà. Ìje àkọ́kọ́, agogo mẹ́jọ alẹ́ ni, Òṣogbo àti Jámánì ò ní ìyàtọ̀ aago.

Àǹtí Fáíbà:

Dúró ná. Oṣù wo ni sáà yẹn bẹ̀rẹ̀, oṣù wo ló parí? Àkókò òtútù nìkan ni aago wọn àti tiwa bára mu. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta, wọ́n máa sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan, kò sì ní padà títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá. Tiwa kì í sún. Bí ìje bá ti wọ oṣù kẹrin, agogo mẹ́jọ wọn ti di agogo méje tiwa, qualifying sì máa ṣáájú ìyẹn. Ṣé wàá ti ti ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn, tí wàá sì ti la gosílóò Old Garage kọjá délé? Kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú aago tiwa, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn oníbàárà náà lè rí i.